Ejìnrìn ara ògiri Abuja: bí ẹ ṣe lè yà á, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì gbé e kọ́

Ní Gwarinpa ni o, ní Kubwa ni, ní Lugbe ni, ògiri yòówù tí òjò bá ti pa fún oṣù méjì tí àdá kò tíì kàn, ejìnrìn á ti gùn ún. Ẹ wọ pálọ̀ onílé náà, rósì ilẹ̀ Faransé lẹ máa bá nínú férémù. Redouté, ayàwòrán òdòdó kan nílẹ̀ Faransé, ló ya púpọ̀ nínú àwọn rósì wọ̀nyẹn; ó ti kú láti 1840, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ iṣẹ́ rẹ̀ láìtọrọ àyè, ìyẹn ló fi kún ìgboro. N kò bá rósì jà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń so lára ògiri ẹni náà ní ewé, òdòdó, èso àti kóró tó yẹ ní wíwò, ojú tó sì ti mọ̀ ọ́n láti kékeré ló yẹ kó yà á.

Àwòrán ewéko yàtọ̀ sí àwòrán òdòdó lásán. Ìyá elewé ọmọ tó ń ta ejìnrìn gbọ́dọ̀ lè wo bébà yín láti òkèèrè kó pè é lórúkọ. Onímọ̀ ewéko náà gbọ́dọ̀ lè sún mọ́ ọn, kó ka ìpín ewé, kó wo ibi tí òdòdó ti yọ, kó má sì bá irọ́ kankan níbẹ̀. Ẹwà á wọlé, àmọ́ ẹ̀yìn òtítọ́ ló ń rìn. Nítorí òfin yẹn ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí ṣe rí bí ó ṣe rí, títí dé ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

1. Ẹ kọ́kọ́ gbìn ín

Oṣù kẹrin ni òjò Abuja ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Láàrin oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, ẹ lè bá ohun gbogbo lára ìtàkùn kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀mùnú, òdòdó, èso tútù, èyí tó ti pọ́n àti èyí tó ti là. Bí ọyẹ́ bá fi máa dé, okùn gbígbẹ ló kù.

Ẹ lè gbé àga lọ sí ìdí ògiri, ṣùgbọ́n oòrùn àti èèrà kò ní jẹ́ kí ẹ pẹ́ níbẹ̀. Ẹ má sì rò pé ẹ máa gé e wọlé. Ejìnrìn tí a gé á ti rọ kí ẹ tó parí ewé kan, bí ẹ tilẹ̀ ki ìdí rẹ̀ bọ omi. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni ike ọ̀dà tó ti ṣófo. Ẹ lu ìdí rẹ̀, ẹ bu ilẹ̀ tó lọ́ràá sí i, ẹ rẹ kóró mẹ́ta tàbí mẹ́rin sómi mọ́jú nítorí pé èèpo rẹ̀ le, kí ẹ rì wọ́n wọlẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà méjì. Ẹ ri igi mẹ́ta mọ́ ọn kó rí ohun gùn. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje òdòdó á yọ, èso á sì tẹ̀lé e. Nígbà náà, ike lódindi lẹ máa gbé wọlé láàárọ̀, kí ẹ gbé e padà síta nírọ̀lẹ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ti ara ògiri náà lẹ ṣì fẹ́ lò, ẹ tètè bá mai gadi sọ̀rọ̀. Igbó ni lójú tirẹ̀, igbó gígé sì ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ dá ohun tí ẹ gbìn mọ̀ dáadáa kí ẹ tó mú pẹ́ńsù. Irú méjì ló sún mọ́ra ní òkè Ọya: Momordica charantia àti Momordica balsamina. Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, ló sọ méjèèjì lórúkọ bẹ́ẹ̀ ní 1753. Garahuni ni ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn Hausa. Balsamina fẹ́ràn ilẹ̀ gbígbẹ, nítorí náà ẹni tó bá ń gbé ní Kano tàbí Sokoto gbọ́dọ̀ la ojú rẹ̀ ju ará Abuja lọ. Ẹ wo ọ̀pá òdòdó akọ. Ewé kékeré kan wà lára rẹ̀. Ti charantia máa ń wà nísàlẹ̀, kò sábà kọjá àárín ọ̀pá, etí rẹ̀ sì jọ̀lọ̀. Ti balsamina gòkè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí òdòdó, etí rẹ̀ sì ní eyín wẹ́wẹ́. Èso balsamina tún kúrú, ó sì yọ ẹnu ṣóńṣó. Bí ó bá ṣì rú yín lójú, ẹ fi ẹ̀ka kan tó ní òdòdó akọ, abo àti èso sáàárín ìwé ìròyìn, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e kó gbẹ, kí ẹ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ewéko gbígbẹ. Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ní ọ̀kan. Forest Herbarium ti Ìbàdàn náà wà.

2. Fèrèsé wo?

Ìwé àwọn òyìnbó lórí àwòrán kíkùn máa ń ní kí ẹ jókòó sí fèrèsé tó kọjú sí àríwá, torí oòrùn kì í ráyè wọlé níbẹ̀. Òótọ́ ni, nílùú tiwọn. Ìwọ̀n dígírì 9 péré ni Abuja fi wà lápá àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Nítorí náà, láti bí àárín oṣù kẹrin títí dé òpin oṣù kẹjọ, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá lórí wa, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ó sì máa ń yọ́ wọ inú ilé gba fèrèsé àríwá yẹn gan-an. Àsìkò tí ejìnrìn ń so nìyẹn. Ẹni tó bá tẹ̀lé ìwé náà ní oṣù kẹfà á kàn máa lé òjìji kiri orí bébà ni.

Ohun tó bá wa mu ni fèrèsé ìwọ̀-oòrùn láàárọ̀, kí ẹ sì kó lọ sí ti ìlà-oòrùn lẹ́yìn ọ̀sán. Ó tún bá òdòdó náà mu, nítorí àárọ̀ ló ń ṣí, bí ó bá sì ti di ọ̀sán ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Bí yàrá yín kò bá ní ju fèrèsé kan lọ, kọ́tìnnì funfun tó fúyẹ́ á ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa ti òkè lápá òsì wá. Àṣà àwòrán ewéko ni láti ayébáyé, kì í sì í jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún fi òjìji bo ohun tí ẹ ń yà. Ọlọ́wọ́ òsì lè yí i. Tó bá jẹ́ alẹ́ nìkan lẹ ráyè, tí iná sì wà, gílóòbù tí wọ́n kọ 5000K sí 6500K sí lára ni kí ẹ rà. Lábẹ́ gílóòbù tó pọ́n rúsúrúsú, àwọ̀ ewé tí ẹ pò lálẹ́ máa ń di nǹkan mìíràn bí ilẹ̀ bá mọ́. Èmi kì í kùn lálẹ́ rárá. Pẹ́ńsù ni tèmi lálẹ́, ọ̀dà di àárọ̀.

3. Ẹ wo oríkèé kan títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà, ibí náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú.

Ẹ mú oríkèé kan, ibi tí ewé ti yọ lára ìtàkùn. Ewé kan wà níbẹ̀, okùn tín-ín-rín kan tó fi ń di nǹkan mú wà níbẹ̀, òdòdó kan sì wà, ìgbà mìíràn ẹ̀ka tuntun náà á yọ. Okùn yẹn kì í yọ láti ọ̀gangan abẹ́ ewé. Ẹ̀gbẹ́ ìdí ewé ló ti ń yọ. Gbogbo ìtàkùn kò ju àtúnṣe oríkèé yìí lọ. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan yà ti mọ gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá sì ṣì í, á ṣì í káàkiri bébà.

Okùn ejìnrìn kì í pẹ̀ka. Kó tó rí ohun tí yóò dì mú, ó máa ń nà gbọọrọ, orí rẹ̀ nìkan ló máa tẹ̀ díẹ̀. Bí orí rẹ̀ bá ti di nǹkan mú, á bẹ̀rẹ̀ sí í ká bíi sípíríǹgì inú bíírò, á sì fa ìtàkùn mọ́ra. Ẹ wo àárín rẹ̀ wàyí. Apá kan ká sí ọ̀tún, apá kejì ká sí òsì, ibi tí wọ́n ti pàdé sì nà fún ìgbà díẹ̀. Kò lè rí bí mìíràn, torí pé ìdí rẹ̀ àti orí rẹ̀ ti há méjèèjì. Bó bá ká sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ńṣe ni yóò lọ́ mọ́ ara rẹ̀. Darwin ti kọ nípa rẹ̀ láti 1865 nínú iṣẹ́ tó ṣe lórí àwọn ewéko tó ń gùn. Bí mo bá rí àwòrán ìtàkùn lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Bí okùn tó ti dì mọ́ igi bá ká sí ọ̀nà kan láti ìdí dé orí, ẹni tó yà á kò wo ewéko. Àwòrán ẹlòmíràn ló wò.

Ewé ní ìpín márùn-ún sí méje tó jin wọnú. Ojú kan náà ni gbogbo iṣan ńláńlá rẹ̀ ti tàn ká, níbi tí ọ̀pá ewé ti kàn án. Ẹ ya iṣan kí ẹ tó ya etí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti etí máa ń bá ara rẹ̀ níbi tí ìpín kan ti sanra ju èkejì lọ, tí kò sì sí àyè fún iṣan mọ́. Ẹ tún ya ewé kan tó yí ẹ̀yìn padà, nítorí ẹ̀yìn ejìnrìn ṣá ju ojú rẹ̀ lọ, iṣan sì yọ síta níbẹ̀.

Òdòdó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ewé òdòdó márùn-ún. Akọ wà lọ́tọ̀, abo wà lọ́tọ̀, lára ìtàkùn kan náà, akọ sì pọ̀ ju abo lọ fíìfíì. Abo rọrùn láti mọ̀: ó ti ru èso kékeré onírúgúrúgú sábẹ́ kó tó ṣí rárá. Ìtàkùn máa ń mú akọ jáde fún ọjọ́ mélòó kan kí abo tó dé, nítorí náà ẹ ṣe sùúrù. Bí abo kò bá sí nínú àwòrán, èso kàn já bọ́ síbẹ̀ láti ojú ọ̀run ni.

Èso ló ń dẹ́rù ba èèyàn, nítorí kókó ara rẹ̀. Ẹ fi kókó sílẹ̀ ná. Ẹ wá àwọn ilà gígùn tó ti ìdí lọ sí orí, kí ẹ yà wọ́n bí wọ́n ṣe ń yí tẹ̀lé ara èso: èyí tó wà láàrin gbòòrò, èyí tó wà létí fún. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí kókó jókòó sáàárín wọn, ńlá níbi tó sún mọ́ yín, wẹ́wẹ́ tó há mọ́ra létí. Bí ó bá pọ́n, á gba àwọ̀ ọsàn, á là láti orí sí ọ̀nà mẹ́ta, ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ká sẹ́yìn, kóró inú rẹ̀ á sì yọ nínú aṣọ pupa wọn. Òru kan péré ti tó fún un láti là, nítorí náà ẹ ya èyí tó ń pọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún èyí tó là. Ẹ fọ aṣọ pupa yẹn kúrò lára kóró kan tàbí méjì. Etí kóró náà dà bí ohun tí wọ́n gbẹ́, ọ̀pọ̀ wa tó sì ti lá a ní kékeré kò wò ó rí.

Bí ẹ ṣe ń wò, ẹ máa wọn nǹkan: gígùn ọ̀pá ewé, fífẹ̀ ewé, àlàfo láàrin oríkèé méjì. Rúlà lásán ti tó. Ẹ fi abẹ tuntun la òdòdó abo kan sí méjì lóòró, kí ẹ ya inú rẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Ẹ pò àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lójú ewéko, kí ẹ fi í sí etí bébà, kí ẹ kọ ohun tó jẹ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí ìtàkùn yẹn kò ní dúró dè yín.

4. Pẹ́ńsù

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lórí bébà gidi. Ẹ ya ẹ̀ka, ewé, èso, lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí bébà tí kò wọ́nwó, ní ìwọ̀n tí wọ́n jẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ dà wọ́n sórí bébà tó ṣe é rí òdìkejì, ẹ gé wọn sí wẹ́wẹ́, kí ẹ máa tò wọ́n kiri orí bébà A3, ìyẹn 297 lọ́nà 420 mìlímítà, títí wọn ó fi jókòó dáadáa. Ejìnrìn kékeré orí ògiri wa wọ̀ ọ́ ní ìwọ̀n ara rẹ̀ láìdín kù.

Ìmọ̀ràn tèmi ni kí ìtàkùn wọlé láti igun kan nísàlẹ̀, kó gun igi kan tí ẹ yà fẹ́ẹ́rẹ́, kó sì jáde lókè láìparí. Ìtàkùn tó bẹ̀rẹ̀ tó sì parí sínú bébà máa ń dà bí ohun tó ti kú. Ẹ kó òdòdó tí ẹ là, kóró àti èso tó là sí ìsàlẹ̀. Ẹ fi funfun sílẹ̀, púpọ̀. Bí ọwọ́ bá ń yún yín láti ya labalábá kún un, ẹ fi ọwọ́ sápò.

Lábẹ́ ohun tí ẹ bá yà tóbi ju bó ṣe rí lọ, ẹ fa ilà kékeré kan, kí ẹ kọ ọ́ sí i pé sẹ̀ǹtímítà kan nìyí. Ẹ má kọ «ìlọ́po méjì». Bí ẹlòmíràn bá tẹ A3 yín ní A4, «ìlọ́po méjì» ti di irọ́, ṣùgbọ́n ilà yẹn á kéré pẹ̀lú àwòrán, á sì ṣì máa sọ òótọ́.

Bébà tí ẹ máa kùn kẹ́yìn: èyí tí ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀, tí wọ́n fi òwú ṣe, tí ìwúwo rẹ̀ tó 300 gíráàmù ní mítà kan níbùú lóròó. «Hot pressed» ni wọ́n máa ń kọ sí i lára. Onígbáràgbárà kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí kì í jẹ́ kí ìlà okùn tín-ín-rín jáde. Ẹ fi gíláàsì fèrèsé da àwòrán yín sórí rẹ̀ ní ọ̀sán, pẹ́ńsù 2H, láìtẹ ọwọ́.

5. Ọ̀dà

Wọ́tákọ́lọ̀ ni. Ẹ ka ẹ̀yìn túùbù ju iwájú rẹ̀ lọ: orúkọ dáadáa iwájú kò sọ ohunkóhun, àmì tó wà lẹ́yìn ló ń sọ irú ìyẹ̀fun àwọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Fún ejìnrìn, mẹ́rin lè gbé yín délé: PY154 fún àwọ̀ ìyeyè, PB29 àti PB15 fún búlúù, PR254 fún pupa. Ẹ sá fún PR83, alizarin crimson àtijọ́, oòrùn máa ń jẹ ẹ́. Ẹ sá fún àwọn píǹkì tó ń tàn wàlàwàlà náà.

Ẹ má ra àwọ̀ ewé nínú túùbù. PY154 pẹ̀lú PB15 díẹ̀ á fún yín ní ewé tuntun tó ń dán. Ẹ fi PB29 rọ́pò fún ewé tó ti dàgbà. Ẹ kán pupa díẹ̀díẹ̀ sí i fún ibi òjìji. Ẹ̀yìn ewé ń fẹ́ omi sí i. Fún èso tó ti pọ́n, ẹ kọ́kọ́ fi ìyeyè kùn ún dé etí, kó gbẹ pátápátá, kí pupa tó ṣàn tó wá gun orí rẹ̀. Aṣọ pupa kóró máa ń dán bí ó ṣe tutù, ibi tó ń dán yẹn ni kí ẹ fi sílẹ̀ láìkùn. Funfun bébà ló ń tàn jù. Ọ̀dà funfun tí ẹ bá fi sí i lẹ́yìn á dà bí eruku.

Ojú ọjọ́ wa ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, ìpele kan lè pẹ́ kó tó gbẹ, ẹni tí kò bá sì ní sùúrù á gún ọ̀dà tútù mọ́ra, á di ẹrẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ̀yìn búrọ́ọ̀ṣì ni ọ̀dà ti ń gbẹ, etí rẹ̀ á le kẹ́ ẹ tó tàn án. Nígbà náà ẹ fi omi lásán pa ojú ibi tí ẹ fẹ́ kùn ná, ẹ pò ọ̀dà tó pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, kí ẹ sì máa kùn ibi kékeré kékeré. Eruku ọyẹ́ máa ń wọ ọ̀dà tútù. Ẹ ti fèrèsé.

6. Láti bébà sí fáìlì

Skánà ló dára jù. Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó ní skánà A3 kò pọ̀. Bí ti A4 nìkan lẹ rí, ẹ skán án lápá mẹ́ta, kí apá kọ̀ọ̀kan gun èyí tó tẹ̀lé e ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ tó lẹ̀ wọ́n pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. 600 dpi ni kí ẹ sọ fún wọn, kí wọ́n sì fi pamọ́ bí TIFF, irú fáìlì tó ń pa àwòrán mọ́ lódindi. Bí JPEG, irú èyí tó ń fún un pọ̀, bá ti jẹ lára rẹ̀, kò ṣe é bì padà.

Tí kò bá sí skánà, kámẹ́rà tàbí fóònù tó dára lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ gbé bébà síta lábẹ́ òjìji, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ẹ dúró jìnnà díẹ̀ kí ẹ fi lẹ́ǹsì tó ń fà á sún mọ́ yín yà á. Fóònù tó bá sún mọ́ bébà jù á wú àárín rẹ̀ síta. Títẹ̀ A3 dáadáa ń fẹ́ píkísẹ́lì 3508 lọ́nà 4961. A4 ń fẹ́ 2480 lọ́nà 3508. Ẹ wo iye tó wà lára fáìlì yín kí ẹ tó lọ bá atẹ̀wé.

Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣọ́ra fún bọ́tìnnì tó ń sọ bébà di funfun. Ohun tó máa kọ́kọ́ gbé lọ ni etí òdòdó àwọ̀ ìyeyè, torí òun àti bébà kò jìnnà síra. Ẹ gbé ewéko tàbí àwòrán gidi síwájú, kí ẹ máa fi wé e.

WhatsApp kì í gbé àwòrán láìfún un pọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, tàbí kí ẹ gbé fílááṣì lọ fúnra yín.

7. Lọ́dọ̀ atẹ̀wé

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kún Utako àti Wuse, ṣùgbọ́n iṣẹ́ bánà, káàdì ìgbéyàwó àti kàlẹ́ńdà ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe, ẹ̀rọ bánà kò sì yẹ fún okùn ejìnrìn. Ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi wọ́n. Àkọ́kọ́: «Ẹ̀gbọ́n, yíǹkì ẹ̀rọ yìí, pigment ni àbí dye?» Pigment (yíǹkì oníyẹ̀fun àwọ̀) ni kí ẹ dúró dè, dye (aró tó yọ́ sómi) ń yára ṣá. Èkejì: ṣé wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ lórí bébà tí ẹ bá fọwọ́ ara yín rà? Bébà òwú tí kò ní ásíìdì, tí kò dán, 300 gíráàmù, ló bá iṣẹ́ yìí mu. Bébà fótò tó ń kọ mọ̀nà kì í jẹ́ kí èèyàn gbàgbọ́ pé ọwọ́ ló kùn ún.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ odindi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gé ọ̀pá kan láti inú fáìlì, ní fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, tó ní etí òdòdó, ewé tó dúdú jù, àwọ̀ ọsàn èso àti pupa kóró, kí wọ́n tẹ ìyẹn. Ẹ gbé e lọ sílé, kó gbẹ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wò ó lójú fèrèsé yín pẹ̀lú àwòrán gidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọ̀ ọsàn ló sábà máa ń ṣákìí, nítorí yíǹkì kò lè dé ibi tí ọ̀dà dé. Bó bá ti pọ́n jù tàbí tó ti kú, ẹ tún fáìlì ṣe díẹ̀, kí ẹ tún tẹ ọ̀pá mìíràn. Owó ọ̀pá mẹ́ta kò tó owó A3 kan tí ẹ máa ká sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ má fọwọ́ ara yín yí fáìlì kúrò ní RGB (àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà) sí CMYK (àwọ̀ yíǹkì ìtẹ̀wé) àfi bí atẹ̀wé bá bèèrè fún un. Ẹ̀rọ yíǹkì tó dára mọ ọ̀nà tirẹ̀.

Bí ojú bá ti gbà á, ẹ tẹ ìwọ̀nba tí ẹ lè tà. Fáìlì kò ní bàjẹ́.

8. Nọ́ńbà, orúkọ, àti ohun tí ẹ ń tà ní tòótọ́

Ẹ sọ òótọ́ fún oníbàárà. Títẹ̀ láti inú fáìlì jẹ́ ẹ̀dà àwòrán. Àwòrán tí a fọwọ́ gbẹ́ sára pákó, línólíọ́mù tàbí irin kí a tó tẹ̀ ẹ́ jẹ́ nǹkan mìíràn, irú èyí tí Bruce Onobrakpeya, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó wà nínú Zaria Art Society ti 1958, fi di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ẹ̀dà kì í ṣe ohun ìtìjú. Ìwé ìròyìn ewéko Curtis, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1787, kọ́kọ́ fi irin tẹ ìlà, ó wá fi òkúta tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń fọwọ́ kun ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan títí di 1948. Ẹ̀dà ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí ẹ máa gbà lórí méjèèjì kò dọ́gba.

Bí ẹ bá fẹ́ fi òǹkà sí i, pẹ́ńsù lẹ máa lò, lábẹ́ àwòrán: nọ́ńbà lápá òsì (3/40, ìyẹn ìkẹta nínú ogójì), àkọlé láàrin, orúkọ yín lápá ọ̀tún. Bí ẹ bá ti kọ ogójì, ogójì ni. Ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ ń kọ nọ́ńbà àti ẹni tó rà á sí.

Nínú àwòrán fúnra rẹ̀, nísàlẹ̀: Momordica charantia L., ejìnrìn, garahuni, ibi tí ẹ ti rí i, oṣù àti ọdún. Ibi àti oṣù yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. «Ara ògiri, Kubwa, oṣù keje» á wúlò fún ẹni tó ń wádìí ewéko láìpẹ́ láìjìnnà, ó sì máa ń mú kí ará Kubwa rà á.

9. Férémù

Gíláàsì kò gbọ́dọ̀ kan àwòrán. Ní ìgbà òjò, omi máa ń là sí ẹ̀yìn gíláàsì, bébà á lẹ̀ mọ́ ọn, kò sì ní ṣí mọ́ láìfàya. Ẹ ní kí ẹni tó ń ṣe férémù fi páálí tí kò ní ásíìdì yí àwòrán ká, kí àyè wà láàrin. Bí ó bá fẹ́ fi sẹ́lótéèpù gbogbo etí mọ́lẹ̀, ẹ dá a dúró: sẹ́lótéèpù á pọ́n, á sì wọ inú bébà. Bébà fẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a fi gúlúù sítáàṣì lẹ̀ mọ́ òkè nìkan ti tó, kí bébà lè ráyè fẹ̀ kó sì sún kì bí ojú ọjọ́ bá ṣe yí. Bébà tí ẹ há mọ́ ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní oṣù kẹjọ á wú rúgúrúgú tí ọyẹ́ bá dé.

Ẹ lẹ ẹ̀yìn férémù pa yíká nítorí eruku ọyẹ́, tó ń gba ibi tí èèrà kò lè gbà. Ẹ fi rọ́bà kékeré mẹ́rin sí igun ẹ̀yìn rẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba àárín òun àti ògiri. Ògiri tí òjò ń lù láti ìta kò dára. Ògiri àárín ilé ni. Ẹ kọ́ ọ síbi tí oòrùn kò ti ní bọ́ sí i lójú, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí yíǹkì. Ní ti igi férémù, ẹ bèèrè irú igi tó jẹ́. Ikán kì í bá igi rírọ̀ ṣeré, láti inú ògiri ló sì máa ń jáde, ẹ kò ní rí i títí férémù á fi fúyẹ́ lọ́wọ́ yín.

Fún oníbàárà tó wà ní Kano tàbí Ìlọrin, ẹ má fi gíláàsì ránṣẹ́. Ẹ ká bébà nìkan, ojú rẹ̀ síta, yí páìpù tí inú rẹ̀ kò kéré sí sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ, bébà tí kò ní ásíìdì lójú rẹ̀, ọ̀rá lórí gbogbo rẹ̀, kí ẹ tó gbé e lọ sí páàkì. Ẹ kọ ọ́ sí i pé kí wọ́n má gbé ẹrù lé e, kí ẹ sì tún fi ẹnu sọ ọ́ fún dírẹ́bà.

Àwòrán gidi tí ẹ fọwọ́ kùn, ẹ má tà á kí ẹ tó rí i pé fáìlì TIFF wà níbi méjì ó kéré tán, ọ̀kan lẹ́yìn òde ilé yín. Ẹ tẹ́ ẹ sínú fódà tí kò ní ásíìdì, nínú òkùnkùn, níbi gbígbẹ tó ga kúrò nílẹ̀. Abẹ́ ibùsùn kì í ṣe ibi gbígbẹ.